Bébà Ráfíátù Tó Fò Kọjá Ọgbà Ilé Ìwé

Àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa ló ní kí n kọ ìtàn iṣẹ́ mi sílẹ̀, kí àwọn tí kò tíì mọ iṣẹ́ tí wọn yóò ṣe lè rí nǹkan mú dání níbẹ̀. Mo kọ́kọ́ ní kí wọ́n lọ bá ẹlòmíràn. Mo ṣe tísà ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún káàkiri àwọn abúlé Akínyẹlé, mo sì ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n tí ẹ bá bi mí léèrè ohun tí mo mọ̀ dájú nínú iṣẹ́ náà, orí mi á dàrú. Ẹ̀kọ́ kan wà tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ lọ́dọọdún, ẹ̀kọ́ nípa bí nǹkan ṣe ń fò. Bàálù oníbébà la fi ń ṣe é. Kò yé mi lọ́jọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀, kò sì tíì yé mi tán lónìí tí mo ń kọ̀wé yìí.

Bí mo ṣe ríṣẹ́ kò gùn. Mo jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn tísà, wọ́n fún mi ní lẹ́tà, mo gbé àpótí mi sẹ́yìn ọkọ̀ tó ń kó iṣu, ó di abúlé kan lójú ọ̀nà Ìjàyè. Mi ò ní dárúkọ abúlé náà nítorí àwọn tọ́rọ̀ kàn ṣì wà níbẹ̀. Ti owó oṣù, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ gan-an ni ọ̀gá ilé ìwé tí mo bá níbẹ̀, Ọ̀gá Ọlátẹ́jú. Kọ́lẹ́ẹ̀jì kàn fún mi níwèé ẹ̀rí ni. Bàbá náà ga, ó tín-ín-rín, kì í rẹ́rìn-ín títí ọ̀sẹ̀ á fi parí. Bí mo bá ń kọ́ àwọn ọmọ, á wọlé láìkan ilẹ̀kùn, á jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn láàárín àwọn ọmọ, á sì ṣí nóòtì mi lé orúnkún. Ìlà tí mo bá fà sójú pátákó tí kò bá gún, á dìde, á fi ọwọ́ ara rẹ̀ nù ún nù lójú àwọn ọmọ, á sì padà lọ jókòó.  Èmi náà á tún ìlà fà. Ní gbogbo ìparí sáà, òun fúnra rẹ̀ ló máa ń dúró tì wá tí a bá ń gún èédú inú bátìrì tó ti kú mọ́ ewé pákí láti fi kun pátákó kó lè dúdú dáadáa. Aṣọ mi kan kò funfun mọ́ láti ìgbà náà.

Òun ló kọ́ mi ní bàálù oníbébà. Ó pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀ lọ́jọ́ kan lẹ́yìn tí ilé ìwé ti parí, ó gbé bébà síwájú mi. Ká a sí méjì lóòró, ṣí i padà. Ká igun méjèèjì òkè wá sí àárín. Pa á dé. Wá tẹ ìyẹ́ rẹ̀ wálẹ̀ lọ́tùn-ún àti lósì. Gbogbo ibi tí mo bá ti ká a ni mo gbọ́dọ̀ fi èékánná àtàǹpàkò fà kó lè mú bí abẹ. Tí etí kan bá fi díẹ̀ gùn ju ìkejì lọ, á gbà á lọ́wọ́ mi, á rún un, á gbé òmíràn síwájú mi. Mi ò mọye tó rún lọ́jọ́ náà, àfi pé agbọ̀n ìdalẹ̀nù rẹ̀ kún.

Ohun tó kọ́kọ́ tojú sú mi nìyí. Ìwé tí à ń lò sọ pé ìyẹ́ bàálù wú díẹ̀ lókè, ó sì tẹ́ nísàlẹ̀, pé ìyẹn ló jẹ́ kí afẹ́fẹ́ lè gbé e. Mo wo bébà ọwọ́ mi, ó tẹ́ lókè, ó tẹ́ nísàlẹ̀.

Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí wá ló ń gbé eléyìí?”

Ọ̀gá wò mí títí. “Mísì, ṣé o ti kọ ohun tó wà nínú ìwé sójú pátákó?”

“Mo ti kọ ọ́, sà.”

“Ṣé àwọn ọmọ ti dà á kọ?”

“Wọ́n ti dà á kọ, sà.”

“Kí lo tún wá ń wá?”

Mi ò wá nǹkan kan mọ́. Láti ọjọ́ náà, mo ń kọ́ wọn bó ṣe wà nínú ìwé. Tó bá dìgbà tá a máa ju bébà, a ó jáde sí iwájú kíláàsì, kálukú á ju tirẹ̀. Wọ́n á lọ síwájú díẹ̀, wọ́n á wá forí sọlẹ̀ gbì. Mi ò rí èyíkéyìí tó dé ìdí òpó àsíá rí. Mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Irọ́ ni, mi ò mọ bó ṣe yẹ kó rí.

Ọ̀gá Ọlátẹ́jú fẹ̀yìn tì, ó lọ sílé. Ọ̀gá míì dé. Èmi náà ti di àgbà tísà nígbà náà, Prímárì Márùn-ún ni mo ń kọ́, ẹnu mi sì ti le bí i tàwọn àgbà tísà. Ọdún yẹn ni mo ṣe àṣìṣe tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́.

Bébà wọ́n wa nílé ìwé. Mo bá sọ fún àwọn ọmọ pé, tó bá di ọjọ́ Ẹtì, kí kálukú mú bébà kan tí wọn kì í lò mọ́ nílé wá. Lójú tèmi, kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Inú ìjọ Aládùúrà ni wọ́n bí mi sí, nílé wa, bébà tí a kò bá lò mọ́, a ó fi dáná ni. Mi ò mọ̀ pé nílé àwọn ààfáà, bébà tí wọn kì í lò mọ́ wà tó jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi ṣeré. Tí ìwé kéwú bá ti gbó tó ti ń já, wọn kì í jù ú sórí ààtàn. Wọ́n á kó o sínú àpò, wọ́n á gbé e kọ́ sókè níbi tí ẹsẹ̀ kò lè dé, títí wọ́n á fi ráyè sin ín sí ilẹ̀ tó mọ́. Ìdajì abúlé yẹn ló mọ èyí. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún mi, torí kò sẹ́ni tó rò pé odidi tísà lè má mọ̀ ọ́n.

Ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì mi tó ń jẹ́ Ráfíátù, ọmọ ọmọ ààfáà àgbà abúlé náà. Ọmọ tó dákẹ́ ni. Tí mo bá bi í ní ìbéèrè, á dáhùn, á sì tún jókòó. Bébà tó mú wá lọ́jọ́ náà nípọn díẹ̀, ó ti pọ́n díẹ̀ nítorí ọjọ́. Ojú tí mo rí kò ní nǹkan kan lára, mi ò sì yí i padà wò.

Ọ̀sán ni, àwọn Mùsùlùmí ti ń kírun Jímọ́ọ̀ lọ́wọ́ ní mọ́ṣáláṣí tó wà ní òdìkejì títì. Mo to àwọn ọmọ sí iwájú kíláàsì. Wọ́n ń jù ú lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń forí sọlẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, à ń rẹ́rìn-ín. Ó kan Ráfíátù. Ó jù ú jẹ́jẹ́, kò tiẹ̀ fi agbára kún un. Bébà náà gbéra, kò wálẹ̀. Ó kọjá òpó àsíá. Ó kọjá ìdí máńgòrò. Àwọn ọmọ bú sígbe, “Ó ń lọ! Ó ń lọ o!” Ó gòkè díẹ̀ níbi ọgbà, ó ré e kọjá, ó sì lọ balẹ̀ sójú títì. Èmi náà fò sókè, mo pàtẹ́wọ́, mo gbàgbé pé tísà ni mí. Inú mi dùn débi pé omi lé sí mi lójú. Lẹ́yìn náà ni mo wá bi ara mi léèrè. Kí ló dé tí tirẹ̀ fò?

Ìgbà tí mo ń ro ìyẹn lọ́wọ́ ni àwọn èèyàn ń jáde ní mọ́ṣáláṣí. Iwájú wọn gan-an ni bébà náà balẹ̀ sí, nínú ẹrẹ̀ etí gọ́tà. Mo rí ẹnì kan tó bẹ̀rẹ̀ mú un, tó tú u, tó fi han ẹni kejì. Mo rí i tí wọ́n pe ààfáà àgbà. Mo wá rí àwọn mẹ́ta tí wọ́n kọjú sí ilé ìwé wa, ààfáà ló wà láàárín, láwàní wà lórí rẹ̀.

Akọ̀wé ilé ìwé wa, tó jẹ́ Mùsùlùmí, sáré ti mọ́ṣáláṣí wá bá mi. “Tísà, orúkọ Ọlọ́run wà lára bébà tẹ́ ẹ jù sínú gọ́tà yẹn o.”

 Ẹ má bínú, ẹ̀rù bà mí bí ẹ̀rù ṣe ń ba ọmọdé. Mo rò pé wọ́n ń bọ̀ wá jà ni, pé wọ́n á ní èmi tí mo jẹ́ Aládùúrà ni mo mọ̀ọ́mọ̀ rán ọmọ wọn níṣẹ́ ẹ̀gàn. Mo wá ẹni tí mo máa di ẹ̀bi náà lé lórí kí wọ́n tó dé.

Mo pariwo, “Ráfíátù! Níbo lo ti rí bébà yẹn?”

“Nínú àpò Bàbá ni, mà.”

“Ta ló fún ọ?”

“Mo mú un ni, mà.”

“O jí i ni! Olè! Ẹ wò ó o, olè lọmọ yìí!” Mo ní kó kúnlẹ̀ níwájú gbogbo ilé ìwé, kó gbọ́wọ́ sókè, mo sì nà án lẹ́gba mẹ́ta. Èyí tí mo ṣe kẹ́yìn yìí, mo fẹ́ kí ààfáà rí i ni, kó lè mọ̀ pé mi ò mọ̀ nípa rẹ̀.

Ó sì rí i. Ó dúró ní ẹnu géètì, ó ń wò mí, bébà ẹlẹ́rẹ̀ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó sún mọ́ mi, ohùn rẹ̀ kò ga rárá.

“Ẹ kú iṣẹ́, Tísà. Tákàdá yìí ni mo ní kí n wá bi yín bóyá èyí tó kù wà, kí n lè kó wọn padà. Kí lọmọ yìí ṣe?”

Mo ní, “Ó jí i, Ààfáà. Mo ti bá a wí.”

Ó ní, “Èmi ni mo ni tákàdá. Èmi ò pè é lólè.” Ó fà á dìde, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, wọ́n sì lọ.

Ní ọjọ́ Ajé, Ráfíátù kò wá. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kò wá. Ní ọjọ́rú, mo wá lọ sí agbo ilé wọn. Ààfáà fún mi ní àga àti omi tútù, ó bi mí nípa àwọn ọmọ mi. Nígbà tí mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí ọmọ náà padà sílé ìwé, ó mi orí. “Tísà, èmi kọ́ ni mo ní kó má lọ. Mo bá a sọ̀rọ̀ títí. Ó ní òun ò lè dé ibẹ̀ mọ́. Ó ti lọ bá ìyá rẹ̀ ní Ìjàyè.”

Mo lọ sí Ìjàyè. Ìyá rẹ̀ gbà mí dáadáa, ṣùgbọ́n bí Ráfíátù ṣe gbọ́ ohùn mi, ó gba ẹ̀yìnkùlé jáde. A pè é títí, kò dáhùn. Mo tún lọ lẹ́ẹ̀kejì, bákan náà ni. Wọ́n ní ó ń lọ sí ilé kéwú níbẹ̀, pé ti ilé ìwé wa ni kò fẹ́ gbọ́. Mo ro ara mi pin. Ọmọ tó mọ̀wé, èmi ni mo fi ẹnu ara mi lé e kúrò. Mi ò lọ mọ́ lẹ́yìn ìyẹn, torí pé ojú ń tì mí, kì í ṣe torí pé kò wù mí.

Bébà náà kò wá fi mí lọ́rùn sílẹ̀. Àwọn ará abúlé ní ọ̀rọ̀ mímọ́ ara rẹ̀ ló gbé e. Mo ní rárá, bébà ni, ó nípọn. Mo wá bébà tó nípọn. Mo lo bébà àpò sìmẹ́ǹtì, ó forí sọlẹ̀. Mo lo kàlẹ́ńdà ìjọ wa, èyí tó ń dán, òun tiẹ̀ wúwo ju gbogbo wọn lọ. Kí n má purọ́ fún yín, nígbà tó sú mi, mo kọ Sáàmù sí ẹ̀yìn ọ̀kan, mo lọ sí ẹ̀yìn ilé níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti lè rí mi, mo jù ú. Ó forí sọlẹ̀ bí i tàwọn yòókù. Mo mú un, mo gbọn iyẹ̀pẹ̀ ara rẹ̀ nù, mo sì bẹ Ọlọ́run pé kó má bínú sí mi. Èmi tí mo ń kọ́ ọmọ ní sáyẹ́ǹsì ni mo ń ṣe báyẹn o.

Ọdún ń gorí ọdún, irinṣẹ́ wa ń yí padà. Pátákó funfun dé, a kò gún èédú mọ́, ṣùgbọ́n yíǹkì ohun tí a fi ń kọ ọ́ á tán, a ó kàn dúró máa wò ó. Bébà funfun tí wọ́n fi ń tẹ̀wé láti inú kọ̀ǹpútà wá pọ̀. Nígbà tó kù díẹ̀ kí n fẹ̀yìn tì, wọ́n gbé tísà ọ̀dọ́ kan wá, Tísà Túndé, tó ní fóònù ńlá. Ó fi fídíò bí bàálù ṣe ń fò hàn mí.

Ó ní, “Mà, ohun tó wà nínú ìwé yín yẹn, wọ́n ní kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Wọ́n ní ìyẹ́ rẹ̀ ló ń ti afẹ́fẹ́ sísàlẹ̀, afẹ́fẹ́ á wá tì í sókè.”

Mo ní, “Kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́ kẹ̀? Ṣé afẹ́fẹ́ ló yí padà ni àbí ìwé?”

Ó rẹ́rìn-ín. Mo ní kó ká ọ̀kan kí n rí i. Ó ká a, ó jù ú, ó forí sọlẹ̀. Àwa méjèèjì dúró tì í, à ń wò ó. Bí mo ṣe fẹ̀yìn tì nìyẹn, wọ́n fún mi ní aago ògiri.

Ní ìjẹta yìí, mo ń wá télọ̀ tó máa rán aṣọ funfun ìjọ tuntun fún mi. Arábìnrin kan ní kí n lọ sí Mọníyà, pé obìnrin kan wà níbẹ̀ tó mọ ọ́n rán. Mo wọ ṣọ́ọ̀bù náà. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mẹ́rin wà lórí ẹ̀rọ, àwọn oníbàárà méjì jókòó. Ọ̀gá wọn wọ híjáàbù aláwọ̀ ewé, ó ń fi bébà gé ìwọ̀n aṣọ. Ó gbójú sókè, ó kúnlẹ̀.

“Ẹ káàbọ̀, Tísà.”

Bó ṣe pè mí báyẹn, mo mọ̀ ọ́n.  Ó gbé àga fún mi, ó wọn ọwọ́ mi, ó wọn èjìká mi, kò sọ nǹkan kan ju nọ́ńbà tí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ń kọ sílẹ̀. Èmi ni mi ò lè gbé e mì.

“Ráfíátù, jọ̀ọ́, bébà ọjọ́ yẹn. Báwo lo ṣe ṣe é?”

 Ó wá mú bébà kan lára èyí tó ń gé, ó ká a bí mo ṣe kọ́ wọn gẹ́lẹ́, ó fi èékánná fà á. Lẹ́yìn náà ló wá fi ìka tẹ ẹ̀yìn ìyẹ́ méjèèjì sókè díẹ̀, kò ju ìbú ìka lọ.

“Ìlà kan ṣoṣo ló wà lára rẹ̀, mà, níbi etí ìsàlẹ̀. Ìgbà tí mo ká a tán ni mo tó rí i. Orúkọ Ọlọ́run ló kọjú sílẹ̀. Ẹ̀rù bà mí. Mi ò lè sọ pé mi ò ṣe mọ́, torí ẹ ti ń pè wá. Mo bá ṣẹ́ etí rẹ̀ sókè kó lè máa wo òkè.”

Ó jù ú. Bébà náà gba orí àwọn ọmọ iṣẹ́ kọjá láìforí sọlẹ̀, ó gba ẹnu ọ̀nà jáde, ó wọ òòrùn. Gbogbo ọdún tí mo fi wá a, ìbú ìka kan ni! Títí di ìsinsìnyí, mi ò lè ṣàlàyé ohun tí etí kékeré yẹn ń ṣe fún afẹ́fẹ́.

Mo ní, “Kí ló dé tí o kò sọ fún mi lọ́jọ́ náà?”

“Olè lẹ̀ ń pè mí lọ́jọ́ náà, mà.” Kò gbé ohùn sókè. “Ẹgba yẹn ò dùn mí. Àwọn tá a jọ wà ní kíláàsì máa ń wá sọ́jà ní Ìjàyè, wọ́n sọ fún àwọn tó wà níbẹ̀. Mo lọ́kọ, ọ̀rọ̀ náà bá mi délé ọkọ. Tí nǹkan bá sọnù nínú agbo ilé, èmi ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń wò.”

 Ẹ̀rọ ti dákẹ́, àwọn ọmọ iṣẹ́ ń wo ilẹ̀, àwọn oníbàárà ń wò mí. Mo dìde lórí àga, mo sì kúnlẹ̀. Ráfíátù pariwo, “Háà, Tísà, ẹ dìde, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀!” Ó di apá mi mú, ṣùgbọ́n mi ò dìde.

Mo ní, “Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níbí, mo jẹ́ tísà ọmọ yìí. Èmi ni mo ní kó mú bébà wá. Kò jalè. Ráfíátù kì í ṣe olè.”

Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lápá mi, kò fà mí mọ́. 

Ó ní, “Ẹ tún un sọ, mà.”

Mo tún un sọ.